Bàtà Pupa Tí Aránbàtà Rán fún Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọdé nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán. Kò gùn.

1.
Aránbàtà kan wà tó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohun kan wà tí kò mọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ẹfúùfù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kì í rìn, eré ló máa ń sá, bó tiẹ̀ jẹ́ iyọ̀ ni wọ́n rán an.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ olómi wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀ náà nílẹ̀. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló hàn, kò sí ibi tó dá sí láàárín.

"Ìyá Ẹfúùfù, wá wo nǹkan! Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Ṣé ó ń dùn ún ni?"

"Kò dùn mí o!" Ọmọ náà ti sá jáde.

"Ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá dókítà."

"Dókítà wo? Èmi tí mò ń wọn ẹsẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Kí àwọn oníbàárà wá máa sọ pé ọmọ aránbàtà ò ní ẹsẹ̀ gidi?"

Ẹnu oníbàárà ló ń bà á lẹ́rù, ẹ ṣáà gbọ́.

2.
Ó gbẹ́ igi líle méjì, ó jẹ́ kí àárín wọn ga sókè, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú bàtà aláwọ pupa kan tó rẹwà. Ó ní kí Ẹfúùfù máa wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí yóò fi sùn.

"Bàbá mi, ó ń gún mi."

"Bí àárín ẹsẹ̀ ṣe ń gbéra sókè nìyẹn. Fara dà á."

Àwọn èèyàn ń yin bàtà náà, orí aránbàtà ń wú. Nígbà tí ọmọ ò sáré mọ́, bàbá rẹ̀ ní ọgbọ́n ló ń dé. Egbò yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọmọ náà fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Ó mọ̀ pé "fara dà á" náà ni wọ́n máa sọ.

3.
Ibà ló tú àṣírí. Ìyá rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, òórùn gba yàrá. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ọyún sì ti dé egungun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, dókítà ní kó di bẹ́ẹ̀dì mú, kó fi ẹsẹ̀ òsì dúró lórí ọmọ ìka, kó gbé gìgísẹ̀ sókè. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ gbéra sókè, gbogbo wọn rí i.

"Bàbá, kò sí àrùn kankan lẹ́sẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ọmọdé rí. Ti púpọ̀ nínú wọn á gbéra sókè bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà."

Orí awọ ni aránbàtà ti máa ń wọn ẹsẹ̀, bí oníbàárà bá dúró lé e. Kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni gbé gìgísẹ̀ sókè rí.

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ó ti wá dáa báyìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Lónìí, Ẹfúùfù ń tiro. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò dùn ún rí. Ojú àpá ló ń dùn ún.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yín bá tẹ́, tí kò dùn ún, tó ń sáré tó ń fò, ẹ fi í sílẹ̀. Bàtà tó bá a mu, tí kò há, ni kí ẹ rà fún un. Àmọ́ bó bá ń dùn ún, bí ẹsẹ̀ bá le gbagidi, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ́, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má lọ bá aránbàtà, ẹ má bi aládùúgbò, ẹ má sì gbára lé ìtàn orí fóònù, títí kan èyí.

Bí ọmọ bá sì ní bàtà ń gún òun, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.