Ẹ̀dọ̀fóró Méjì fún Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́

Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayàwòrán àyà, ó sì tún húkọ́. Ẹ̀jẹ̀ hàn ní etí ìborùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ yọ̀," ni Dọ̀tun tó ń darí ẹ̀rọ wí. "Ìtànṣán tó wọ ara yín kò tó ti oòrùn àárọ̀. Ibi tí kò bá hàn, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ yà á kún un. Ẹ̀dọ̀fóró yín méjèèjì mọ́ tónítóní!"

"Méjèèjì kẹ̀? Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọ́n ti gé ti òsì kúrò."

Dọ̀tun wo àpá ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo àwòrán.

"Àwòrán ni òfin ní kí dókítà tẹ̀lé, Ìyá. Wọn ò ní fún yín lóògùn."

"Yà á bíi ti àtijọ́ nígbà náà, láìfi nǹkan kún un, ọmọ mi."

"Wọ́n ti yọ bọ́tìnnì yẹn."

Dọ̀tun lu òǹtẹ̀ "ara líle" sí ìwé Ìyá, ó sì pe ẹni tó kàn.