Sítíárìn Tọ́, Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wọ́

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ jáwọ́. Ẹ bá mi kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, aránṣọ, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

1. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ọkọ̀ ńlá kan tó jẹ́ ilé tó ń rìn. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà níbẹ̀. Ìlú dé ìlú ló ń ránṣọ kiri. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ilé lọ, iṣẹ́ lọ.

2. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n, ní òun yóò tún un ṣe. Ó pààrọ̀ àwọn irin àti rọ́bà tó so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀. Ká má purọ́, ó dè wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, sítíárìn á wọ́ sápá ọ̀tún.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe àláínmẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń to táyà kí wọ́n lè kọjú síbi kan náà.

"Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nípò."

Mo-mọ̀-ọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀la kẹ̀? Ẹ wá ẹlòmíì rẹ́ jẹ! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

3. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n yìí ṣe! Kò fọwọ́ kan táyà o. Sítíárìn ló tú, ó yí i, ó sì dè é padà kó lè tọ́ lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ṣé kò tọ́ ni?"

"Ó tọ́. Táyà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ mójú tó abẹ́rẹ́ yín, ẹ fi irin sílẹ̀ fún mi."

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Sítíárìn tó wọ́ yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ń pariwo pé nǹkan ò dára. Mo-mọ̀-ọ́n kò wo àrùn, ẹlẹ́rìí ló fọwọ́ dí lẹ́nu!

4. Ilẹ̀ ń jẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí ojú kì í tó. Kò pé oṣù méjì, ọ̀kan bẹ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì ya wọ kòtò. Mo-mọ̀-ọ́n tó ń wakọ̀ jáde láìfarapa. Ẹ̀rọ ìránṣọ já lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka méjì kò ká mọ́. Ẹ sọ fún mi, kí ni aránṣọ fẹ́ fi ọwọ́ tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú ṣe?

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ayé ni," ni Mo-mọ̀-ọ́n wí nílé ìwòsàn.

"Ayé wo? Ṣé ayé ló tú sítíárìn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohunkóhun lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tò kí ẹ tó rìnnà jíjìn. Ohun tó tọ́ lójú lè má tọ́ nílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Bó ṣe parí nìyí. Mo-mọ̀-ọ́n dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Màá tún ọkọ̀ náà ṣe."

"Mo ti forí jì ọ́. O ò ní fọwọ́ kan ohun tèmi mọ́ láé. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó nà án sí i. Ọwọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n fi gbà á, ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá.