Oòrùn Ara Pátákó Ìdáyátù

Ìdáyátù ń ta sólà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan ní Dei-Dei. Oòrùn tó ń yọ lórí òrùlé ló ní kí wọ́n yà sára pátákó rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Bùsàrí, alága ẹgbẹ́ ìlà náà, ní àmì ọmọ ogun Biafra ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alága, ọmọ Ìlọrin ni mí. Kí ló pa èmi àti Biafra pọ̀?"

"Gbé àlàyé yẹn pamọ́. Ẹni tó bá wọn jagun ló máa sọ ọ́."

Lọ́jọ́rú, Afeez, awakọ̀ kan láti Karu, gbé bàbá rẹ̀ wá. Bàbá Ṣéhù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wọ gíláàsì dúdú, àmì ẹ̀yẹ ológun sì wà láyà rẹ̀. Bùsàrí ti ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ fún un lórí fóònù. Bàbá fọwọ́ lé èjìká Afeez títí ó fi dé ìdí àga. Bùsàrí fi ife tíì sí i lọ́wọ́, ó sì yí àga náà kọjú sí pátákó. Lẹ́yìn wọn, àna Bùsàrí ti ń fi tépù wọn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìdáyátù.

"Bàbá, ṣé òun ni?"

Bàbá gbójú sókè. "Òun ni. Bó ṣe wà lápá aṣọ wọn gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ìdáyátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ìtànṣán méje ni tèmi. Mọ́kànlá ni tiwọn. Ẹ bá mi kà á."

"Mo ti kà á láti ọdún 1968."

Ẹ̀rín sọ. "Kai!" ni Bùsàrí wí. "Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló fẹ́ kọ́ sọ́jà ní ìṣirò."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n wò ó dáadáa," ni Ìdáyátù bẹ Bùsàrí.

"Ṣé àgbà ń parọ́ ni?"

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọn kì í ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Kí wọ́n tó kírun alásárì, wọ́n ti já pátákó sílẹ̀. Àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọjà Ìdáyátù sì wà lẹ́bàá títì. Bùsàrí sin Bàbá dé ìdí mọ́tò.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ojú tó rí ogun, ta ló lè bá a jiyàn?"

Wọ́n ti ń sún mọ́ Karu kí Bàbá, tí kò tíì rí nǹkan kan láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ní ọdún 1968, tó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Afeez, kí ni wọ́n tiẹ̀ yà sára pátákó ọmọ yẹn?"