Oògùn Irun Tí Lùkmọ́nù àti Norbert Dà Pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, mo kí yín o, inú mi dùn pé ẹ ń gbọ́ tèmi. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó máa fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí irun iwájú orí yín ti ń sá padà sẹ́yìn.

1.
Lùkmọ́nù, ọmọ Kétu, ni onígbàjámọ̀ kan ní Nkembo, níbí ní Libreville, ilẹ̀ Gabon. Ọwọ́ rẹ̀ dára! Bó bá gẹ irun fún ọ, ìyá tó bí ọ gan-an á béèrè pé ta nìyí. Ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ pá, ó ń dán gbinrin. Lọ́jọ́ kan, Loïc, oníbàárà rẹ̀, ní, "Patron, ọ̀gá wa, ẹ ò nílò dígí níbí mọ́. Ẹ ṣáà tẹ orí yín wá, kí n fi wo ojú mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Lùkmọ́nù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọnú.

2.
Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Norbert ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà ní Sibang, ọmọ Kétu bíi tirẹ̀, mú ìròyìn wá. Àwọn dókítà kan ní Charbonnages fẹ́ dán oògùn gbígbé mì kan wò lára àwọn ọkùnrin tí orí wọn ń pá. Àwọn méjèèjì lọ.

Nọ́ọ̀sì Nathalie là á yé wọn. "Àwọn kan á gba ojúlówó. Àwọn kan á gba hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Wọ́n jọra, èmi gan-an ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ìwé tó sọ ọ́ wà nínú àpò tí a ti lẹ̀ pa. Kí oníkálukú lo tirẹ̀, ẹyọ kan lójúmọ́. Ṣé ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹni tó bá ní in ò lè bá wa ṣe é o. Bí oògùn yìí bá pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lára, ó lè mú agbára ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù."

Ọdún mẹ́rin ni Lùkmọ́nù ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní, "Rárá o, ara mi le!" Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó dára, torí ó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀.

Nígbà tó délé, Célestine ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Bàbá Aurélie! Ẹ parọ́ fún dókítà nítorí irun?"

"O ò fẹ́ kó hù ni?"

"Èmi ò wá irun. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

3.
Nígbà tó di oṣù kẹta, irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí Norbert. Ti Lùkmọ́nù, òfo.

"Ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n fún mi!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àánú ṣe Norbert. Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ará ilé ṣe ń ṣe lókè òkun. Bí ẹnìkan bá rí nǹkan, a ó pín in ni. A ń pín yàrá, a ń pín búrẹ́dì. Wọ́n da ìgò méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ Norbert, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n ń kà á bí ẹni pín ẹ̀pà: ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún mi.

Norbert ní, "Báwo la ó ṣe wá mọ ojúlówó?"

"Ká máa gbé méjì mì lójúmọ́. Kò ní ṣàì bọ́ sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Yéè, ọmọ mi!

4.
Kò pé oṣù kan tí òòyì fi ń kọ́ Lùkmọ́nù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ń gẹ irun fún Ismaël aládùúgbò rẹ̀, ó ní, "Ismaël, ṣé ilé yìí ń yí ni?" Ló bá ṣubú, ó fi orí gbá símẹ́ńtì.

Ní ilé ìwòsàn, Célestine tú gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn irun. Dókítà tẹ Charbonnages láago. Wọ́n ya àpò ìwé náà. Wọ́n ní hóró tí kò ní nǹkan nínú ni wọ́n fún Lùkmọ́nù. Dókítà ní, "Kì í ṣe oògùn irun nìyẹn." Wọ́n gbàgbé ọ̀nà yẹn, wọ́n ń wá ohun mìíràn kiri.

Norbert wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fa fìlà bo irun tuntun. Ó gbọ́. Ó ń rò ó pé, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mo pa á. Ìrọ̀lẹ́ ló tó lanu, tó sọ pé àwọn ti da oògùn àwọn méjèèjì pọ̀.

Dókítà wò ó. "Láti àárọ̀ lẹ ti wà níbí?"

Wọ́n sáré, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́, Lùkmọ́nù ti kú.

5.
Lọ́jọ́ ìsìnkú, Célestine ò bú Norbert. Ó kàn bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n Norbert, ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n ní òfìfo ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá Aurélie."

"Ẹ sì dákẹ́."

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkìlọ̀ mi rè é. Bí dókítà bá bi yín ní àìsàn ara yín, ẹ sọ òótọ́, kódà bí wọ́n bá máa ní kí ẹ padà sílé. Ẹ pín búrẹ́dì, ẹ pín aṣọ, ẹ má pín oògùn. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, tí ara ẹnìkan ò yá, ẹ fi ìtìjú sílẹ̀, ẹ sáré sọ ọ́. Láàárọ̀ ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́.