Làálì Orí Opó

"Ẹ rọra, ìyá, ó tutù!"

Onídìrí kò dáwọ́ dúró. Ó ti fi wàrà kíkan po làálì, ó sì ń fi kun irun opó náà, tó funfun báláú láti ọjọ́ tí Lábọ̀dé ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́la lò ń relé ọkọ. Ṣé kí olùkọ́ Pọbẹ̀ rò pé ìyá àgbà lòun fẹ́ ni?"

Opó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lábọ̀dé ní kò sẹ́ni tí yóò gbà mí lọ́wọ́ òun. Àtàrí mi yìí ló gbé ọwọ́ lé tó fi sọ ọ́."

"Ọwọ́ tí àdá gé ìka àárín rẹ̀ yẹn? Òkú kì í jowú, ọmọ mi."

Nígbà tí làálì gbẹ, onídìrí lọ bu omi lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà dé, opó ti dijú.

"Ẹ má tẹ orí mi mọ́, ìyá. Ọwọ́ yín ti wúwo jù."

Onídìrí da omi sí i lórí. Irun náà pọ́n bí epo tuntun, àfi ní àtàrí, níbi tí ojú ìka mẹ́rin ti funfun, tí àlàfo ìka kan sì wà láàrin wọn.

"Ṣé ó mú, ìyá?"

Onídìrí tú gèlè ọdún òmìnira tí òun fúnra rẹ̀ wé, ó fi di orí opó pinpin.

"Ó mú. Má tú u o, títí o ó fi dé Pọbẹ̀."