Abẹ́rẹ́ Tí Télọ̀ Ń Wá

Télọ̀ ò tíì jókòó láti àárọ̀.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ gbì, gbì, bí ẹni ń fi pátákó nalẹ̀.

"Bàbá, ẹ wọ bàtà!" Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pariwo látinú ilé ìdáná. "Dókítà ní kí onítọ̀ ṣúgà má fẹsẹ̀ lásán rìn."

"Dókítà yẹn náà ló ní kí n máa rìn! Bàtà kì í wọ ibi tí aṣọ oníbàárà wà. Ẹsẹ̀ tó ń ta mí bí iná lọ́jọ́sí, ṣé ó tún ń ta mí? Ara mi ti yá jàre."

Ó gbọn aṣọ. Ó tú àpótí òwú.

Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ náà rá dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú.

Ìyá ọmọ wọlé, ó gbé e. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ!

"Mo gbé! Ó ti gún un!"

Wọ́n nu ọwọ́ náà, wọ́n yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sójú ọgbẹ́.

Ìyá ọmọ wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ti gún wọnú rẹ̀ ṣinṣin. Ojú tí òwú ń gbà nìkan ló kù síta.

"Bàbá, ẹ má dìde o. Ṣé kò dùn yín ni?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí? Bá mi wá abẹ́rẹ́ jàre!"