Ojú Ìwé Tí Ọ̀gá Sun

“Dá ọ̀pá yẹn padà sínú ẹ́ńjìnnì!” Don Evelio jágbe mọ́ obìnrin mẹkáníìkì náà. Ọkọ̀ òfúrufú ògbólógbòó yẹn gbọ́dọ̀ kó ẹrù lọ sí ìlú Mitú lọ́sàn-án.

“Ọ̀gá, ó ti sán. Ìwé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ní ká jù ú nù. Fabricio tó fẹ́ wa ọkọ̀ náà, ọmọ ń dúró dè é nílé.”

“Ìwé àwọn tó ti kú tipẹ́! Ṣé òkú ló máa kọ́ mi níṣẹ́?” Ó já ìwé náà gbà, ó fa ojú ewé yẹn ya, ó sì jù ú sínú iná tí wọ́n fi ń se kọfí. “Ó yá, kà á fún mi!”

Inú bí obìnrin náà gidigidi.

Fabricio sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí obìnrin náà. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì lè tò ó padà?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, àbúrò? Bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ibẹ̀ le, ojú ewé tí ọ̀gá sun ló wà. Àfi ká kọ̀wé béèrè òmíràn lókè òkun.”

Ojú Don Evelio ràn. “Ìgbà wo nìyẹn máa dé?”

“Ẹ bi iná yín.”

Obìnrin náà fi ọ̀pá tó sán náà há abíyá, ó sì lọ jẹun. Bó ṣe mọ Àdúrà Olúwa lórí náà ló mọ gbogbo ohun tó wà lójú ewé yẹn.